Bí Ẹgbẹ́ Olórin Bá Ń Ṣe Àjọ̀dún, Ọdún Ta Ni Wọ́n Ń Kà?

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Kò sí ẹni tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ rí tí kò mọ Aṣéjìrẹ́, níbi tí afárá gba orí odò Ọ̀ṣun kọjá, tí àwọn obìnrin sì ń na ẹja yíyan sí ojú fèrèsé ọkọ̀. Iwájú díẹ̀ ni Ìkirè wà, ìlú tí a fi orúkọ rẹ̀ pe dòdò pupa roboto tí àwọn èrò ọkọ̀ ń rà lọ sí ilé. Lẹ́yìn Ìkirè ni Àpòmù, ìlú àwọn òbí mi, tí ọjà rẹ̀ lókìkí láyé ijọ́un nítorí pé ibẹ̀ ni ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gba ọ̀nà yìí, ní ọ̀sán àti ní òru.

Ní òru ọjọ́ Àìkú kan, ó tó nǹkan bí 20 ọdún sẹ́yìn, mo bá bọ́ọ̀sì àwọn olórin kan ní ẹ̀bá ọ̀nà ní Aṣéjìrẹ́. Táyà wọn ni ó bẹ́. Wọ́n ti ya àwòrán ọ̀gá ẹgbẹ́ gàdàgbà sí ara bọ́ọ̀sì náà, ti òun ti gìtá lọ́wọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ayẹyẹ ọdún 25 lórí ìtàgé ni àwọn ń ṣe kiri. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀; ó ti bá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tirẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jókòó sí orí àpótí ẹ̀rọ wọn, oorun ń kùn wọ́n. Bàbá onígángan kan dá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ iná tí àwọn ẹlẹ́ja fi sílẹ̀, ó ń fi awọ ìlù rẹ̀ yáná, nítorí ìrì òru ti mú kí awọ náà rọ̀. Mo kí i pé, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àyàn á gbè yín." Ó ní, "Àṣẹ o, ọ̀gá." Mo tún wí pé, "Ẹ kú àjọ̀dún." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọdún ọ̀gá wa ni. Tèmi kò ní òǹkà. Bàbá mi ni ó gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́, bàbá tirẹ̀ ni ó gbé e lé òun náà lọ́wọ́."

Ìdáhùn yìí ni ó gbé mi dé iwájú yín lónìí. Nínú bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, ọdún méjì ni ó wà: ọ̀kan tí wọ́n kà, tí wọ́n sì fi ọ̀dà kọ síta, àti èkejì tí ẹnikẹ́ni kò kà. Ìbéèrè mi ni pé, nígbà tí ẹgbẹ́ olórin tí ó pa gìtá alámànàmáná pọ̀ mọ́ orin àti ìlù ìbílẹ̀ bá ń ṣe àjọ̀dún, ọdún ta ni wọ́n ń kà? Ní èrò tèmi, a kì í bẹ̀rẹ̀ òǹkà náà láti ibi tí ó yẹ. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó dé kẹ́yìn ni a ti ń kà á.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ọdún, ní èdè Yorùbá, kì í ṣe oṣù 12 nìkan. Òun náà ni orúkọ tí a ń pe ayẹyẹ: ọdún Ọ̀ṣun, ọdún eégún, ọdún ìjẹṣu. Nígbà tí àwọn ará Òṣogbo bá ń bọ Ọ̀ṣun ní oṣù Ògọ́sì, ohun tí ó jẹ wọ́n lógún ni pé ọdún tún dé, pé arugbá tún gbé igbá, pé ẹni tí ó yẹ kí ó wà ní ipò rẹ̀ wà níbẹ̀. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kéde iye ìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé ni wọ́n kọ́ wa ní júbílì, tí a fi ń sọ pé ọdún 25 jẹ́ ti fàdákà, tí 50 sì jẹ́ ti wúrà. Ọwọ́ wọn ni àwọn olórin wa ti kọ́ ọ, bí wọ́n ti kọ́ aṣọ ẹgbẹ́jọdá láti òde àríyá. N kò sọ pé ó burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ka ọdún gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà.

Kí n tó wí tiwa, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí wọ́n ti sọ irú ẹgbẹ́ báyìí lórúkọ. Ohun tí àwọn Òyìnbó ń pè ní fóòkì-rọ́ọ̀kì ni orin àtijọ́ ti àwọn àgbẹ̀, àwọn atukọ̀ òkun àti àwọn ìyá arúgbó, tí a wá fi gìtá alámànàmáná àti ìlù òyìnbó tí a ń fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́ lù gbé jáde. Ní oṣù Júláì 1965, nígbà tí Bob Dylan gbé gìtá alámànàmáná dé orí ìtàgé ní Newport ní Amẹ́ríkà, àwọn kan nínú èrò kígbe lé e lórí. Ó dà bí ẹni pé ó ti ba nǹkan àjogúnbá jẹ́ lójú wọn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ tí a mọ̀ jù lọ mọ́ irú orin yìí ni Fairport Convention. Inú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Golders Green ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣeré ní ọjọ́ 27 oṣù Máàyù 1967. Orúkọ ilé tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò ni wọ́n sọ ara wọn, kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sí ọkàn. A ó padà sí i. Ní ọjọ́ 12 oṣù Máàyù 1969, bí wọ́n ti ń ti òde eré bọ̀ láti Birmingham ní òru, ọkọ̀ wọn dànù. Martin Lamble, onílù wọn, kú. Ọmọ ọdún 19 ni. Ẹnì kan tí ó bá wọn rìn náà kú.

Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kò nílò àlàyé lórí irú òru bẹ́ẹ̀. Ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ojú ọ̀nà tiwa yìí wà nínú ohun tí ó mú kí Wọlé Ṣóyínká, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Ifẹ̀ nígbà náà, ṣe akitiyan títí a fi dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ní 1977, ọdún 11 ṣáájú ti ìjọba àpapọ̀. Àwọn olórin kì í sì í gba ọ̀nà ní ọ̀sán.

Ẹgbẹ́ Fairport kò tú ká. Wọ́n lọ sí abúlé kan ní Hampshire nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1969, wọ́n gba onílù mìíràn, Dave Mattacks, àti onígòjé kan, Dave Swarbrick, tí ó ti mọ orin ìbílẹ̀ dunjú kí ó tó bá wọn pàdé. Ashley Hutchings, ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀, ń lọ sí ilé ìkàwé Cecil Sharp House láti lọ wá àwọn orin àtijọ́ tí àwọn onímọ̀ ti kó jọ. Nínú iṣẹ́ yẹn ni àwo orin wọn, Liege & Lief, ti jáde ní oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún kan náà. Wọ́n ṣe eré ìdágbére ní abúlé Cropredy ní oṣù Ògọ́sì 1979, ṣùgbọ́n ìdágbére náà kò dá nǹkan kan dúró. Láti ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti ń padà wá sí agbègbè náà, tí àwọn tí ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ sì ń padà gun orí ìtàgé. Ní 2007, tí wọ́n pé ọdún 40, wọ́n kọ gbogbo orin inú Liege & Lief láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Sandy Denny tí ó kọ ọ́ ní 1969 ti kú láti 1978. Obìnrin mìíràn, Chris While, ni ó dúró sí ipò rẹ̀. Ní 2017 ni wọ́n ṣe ti ọdún 50. Nínú àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Simon Nicol nìkan ni ó ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, òun náà sì ti kúrò rí kí ó tó padà. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó jiyàn pé ẹgbẹ́ náà ni ó pé 50. Ipò ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Ẹ ó rí i pé kò jìnnà púpọ̀ sí ọdún Ọ̀ṣun.

Ó wá kù sí ọ̀dọ̀ wa. Kò sí ẹgbẹ́ Yorùbá kan tí àwọn ará ìlú ń pè ní ẹgbẹ́ fóòkì-rọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n ohun tí orúkọ náà dúró fún ti wà lọ́dọ̀ wa kí àwọn ti Golders Green tó di ọmọ ilé ìwé. Jùjú ni mo ní lọ́kàn. Ní àwọn ọdún 1930 ni Túndé King ń kọ ọ́ ní Èkó fún àwọn ènìyàn péréte nínú iyàrá àlejò, ti òun ti gìtá kékeré kan, ẹnì kan ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ń ju ìlù kékeré olójú awo tí ó ní ṣaworo létí sókè tí ó sì ń hán an. Ní 1936 ni ó gba orin sínú àwo. Kò sí gángan níbẹ̀, kò sí dùndún. Bí ẹ bá bi mí ní ìdí rẹ̀, n ó ní kí ẹ gbé onígìtá kan tí kò ní ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ onídùndún kan, kí ẹ sì rìn jìnnà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 20. Gìtá náà yóò di àwòrán lásán: ẹ ó rí ìka rẹ̀ tí ó ń mì, ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ṣe ìwádìí ìtàn jùjú sọ pé ní 1948 ni Akanbi Ege mú gángan wọ inú ẹgbẹ́ jùjú, tí Àyìndé Bákàrè sì so ẹ̀rọ agbóhùnsókè mọ́ gìtá rẹ̀ ní 1949. Ẹ wo bí ọdún méjèèjì ti sún mọ́ ara wọn. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ohun tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé iná mànàmáná ti lé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ, pé ariwo ẹ̀rọ ti pa ìlù bàbá wa. Èmi náà gbà á gbọ́. Ìtàn fi hàn pé òdì kejì ni ó ṣẹlẹ̀. Iná mànàmáná ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ìlù. Ìgbà tí gìtá ti lè sọ̀rọ̀ sókè, tí ohùn olórin náà sì ti lè kọjá orí àgbàlá, kò sí ìdí mọ́ láti fi onílù sí ìta. Onígángan kan wọlé, ó pe èkejì. Ẹgbẹ́ ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin di ti ẹni mẹ́jọ, ó di ti ẹni mẹ́wàá, ó sì kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di àwọn ọdún 1970 àti 1980, àwọn tí ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ jùjú ńlá kan lè pọ̀ ju gbogbo ẹgbẹ́ Túndé King lọ. Ohun tí àwọn èrò Newport bẹ̀rù pé yóò ba àjogúnbá jẹ́, òun gan-an ni ó gbé àjogúnbá tiwa dé orí ìtàgé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ariwo nìkan. Ọ̀rọ̀ èdè ni pẹ̀lú, ibí yìí sì ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ ẹ̀ka wa ni. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, ohùn nìkan ni ó sì yà wọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ orin ní èdè yìí kò lè gbé ohùn orin sókè sódò bí ó ti wù ú. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìsìn fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí abẹ́ ohùn orin Òyìnbó láìbìkítà, tí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ fi dàrú lẹ́nu ìjọ, tí a sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Àwọn kan tún un ṣe. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fi ohùn orin ilẹ̀ wa kọ orin ìsìn, ó sì gba àwọn orin rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922.

Nínú ẹgbẹ́ jùjú, ta ni ó mọ òfin ohùn yìí jù? Onílù ni. Gángan àti dùndún ní ọṣán tí a fi awọ ṣe, tí ó so ojú méjèèjì ìlù pọ̀. Bí onílù bá fún ọṣán náà mọ́ra, ohùn yóò gòkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, yóò sọ̀ kalẹ̀. Láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, ó lè yọ̀ láti ìkan dé èkejì láìfo, bí ẹnu wa ti ń ṣe gan-an nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀. Akin Euba, tí ó ti jẹ́ olùkọ́ ní Ifẹ̀ rí, tí ó sì kú ní 2020, ṣe ìwé ńlá kan jáde lórí dùndún ní 1990. Ẹni tí ó bá kà á yóò mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Gìtá ní tirẹ̀ ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ní ọrùn, tí ó gé ohùn sí abala. Kò lè yọ̀ bí ọṣán ti ń yọ̀. Nítorí náà, bí onígìtá bá fẹ́ sọ Yorùbá, ẹ̀yìn onígángan ni yóò dúró sí kí ó lè kọ́ ọ.

Mo máa ń fi èyí ṣàlàyé ohun kan tí ó ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu. Kí ni ó lè mú kí gìtá tí a ń tẹ́ sílẹ̀, tí a ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀, tí àwọn olórin màlúù ní Amẹ́ríkà ń lò, bá jùjú Sunny Adé mu tó bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn mi ni pé gìtá yẹn ń yọ̀. Nínú gbogbo gìtá, òun ni ó sún mọ́ ọṣán jù lọ. Démọ́lá Adépọ̀jù ni ó ń ta á nínú ẹgbẹ́ African Beats ní àkókò tí àwọn àwo bíi Juju Music, 1982, àti Synchro System, 1983, gbé orúkọ Sunny Adé káàkiri ayé. Òun yìí kan náà ni Paul Simon pè láti ta á nínú Graceland, àwo tí ó jáde ní 1986. Mo dárúkọ rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀, nítorí pé ó wà nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jùjú díẹ̀ tí orúkọ wọn jáde kúrò lábẹ́ orúkọ ọ̀gá wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí wọ́n gba ọ̀nà rọ́ọ̀kì gan-an. Ẹgbẹ́ BLO, tí Berkley Jones, Láolú Akins àti Mike Odùmosù dá sílẹ̀ ní 1972, fi lẹ́tà orúkọ ara wọn sọ ẹgbẹ́ lórúkọ, ó sì dùn mọ́ mi pé onílù wà nínú orúkọ náà: Láolú ni. Láolú yìí kan náà ni ó darí iṣẹ́ lórí Ace, àwo Shina Peters tí ó gba ìgboro ní 1989. Àwọn ìbejì Lijadu, Táíwò àti Kẹ́hìndé, tí a bí ní 1948, ṣe àwo tiwọn, Urede, ní 1974, wọ́n sì ṣe mẹ́rin sí i kí àwọn ọdún 1970 tó parí. Ibẹ̀ ni gìtá rọ́ọ̀kì ti pàdé ohùn àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń ṣe orin bí ẹni ń pa àlọ́. Kẹ́hìndé kú ní oṣù Nòfẹ́ńbà 2019. Ní 2024 tí Urede pé ọdún 50, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ti ń tún àwọn àwo wọn tẹ̀. Àwọn tí a kò tíì bí nígbà náà ń rà á. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ìbejì kò ní ipò tí a lè fi ẹlòmíràn sí, bí wọ́n ti fi Chris While sí ipò Sandy Denny. Yorùbá yóò gbẹ́ ère fún ìbejì tí ó lọ, kò ní gba ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀.

Mo ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ orúkọ ẹgbẹ́ sí ọkàn. Ẹ wo ti jùjú. I. K. Dáíró, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, dá Morning Star sílẹ̀ ní 1957, ó sì sọ ọ́ di Blue Spots. Ní 1963 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE. Ebenezer Obey dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964 kí ó tó di Inter-Reformers. Sunny Adé ní Green Spots, lẹ́yìn náà African Beats. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní ìgboro ẹni tí ó ṣeré ní òde ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, yóò ní Obey ni, yóò ní Sunny ni. Kò sí ẹni tí yóò dá ọ lóhùn pé Inter-Reformers ni. Owó tí àwọn olóde ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí, iwájú orí ọ̀gá ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ jù. Ọ̀gá ni yóò pín in bí ó bá ti rí i. Ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, òfin yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin wa ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, nígbà tí àjọ̀dún bá dé, ọjọ́ ìbí ọ̀gá tàbí ọdún tí ó ṣe àwo àkọ́kọ́ ni a ń kà. Bí ọ̀gá bá sì kú, òǹkà ti parí. Dáíró kú ní 1996. Ọmọ rẹ̀, Paul Play, tún orin rẹ̀ gbé dìde fún àwọn èwe, èyí tí ó yẹ kí a yìn. Ṣùgbọ́n ọmọ ni ó jogún orin níbẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ ni ó ń bá ọdún rẹ̀ lọ.

Ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí n fò. Fẹlá kú ní ọjọ́ 2 oṣù Ògọ́sì 1997, ẹgbẹ́ Egypt 80 kò sì kú. Ṣeun, ọmọ rẹ̀ tí ó kéré jù, ni ó dúró síwájú, ṣùgbọ́n ohun tí ó mú un dúró ni pé àwọn àgbà bíi Lékan Animashaun, tí ó ti wà pẹ̀lú Fẹlá láti ìgbà Koola Lobitos, wà lẹ́yìn rẹ̀ láti di ilé mú. Síbẹ̀síbẹ̀, Felabration tí Yẹni Kútì dá sílẹ̀ ní 1998, ọjọ́ ìbí Fẹlá ní oṣù Ọ̀kítóbà ni wọ́n fi ṣe òpó rẹ̀. Tony Allen, tí ó fi ìlù gbé orin Fẹlá ró títí di òpin àwọn ọdún 1970, kú ní Paris ní 2020. Mo fẹ́ kí ẹ ronú sí i: bí a bá yọ gìtá kan kúrò nínú orin ìgbà náà, a óò ṣì mọ̀ ọ́n. Ẹ yọ ìlù Tony Allen kúrò, kí ẹ wá sọ ohun tí ó kù fún mi.

Àwọn kan lè sọ pé kò sí ohun tí ó burú nínú èyí, pé ọ̀gá ni ó fi owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ, tí ó ń wá òde eré, tí ó sì ń kó orin jọ. Òótọ́ ni. Ẹnìkan ṣáà kì í jẹ́ àwá dé. Lọ́nà kejì, a gbọ́dọ̀ gbà pé ọ̀pọ̀ onílù ni kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ olórin kan jẹ́ ilé wọn títí ayé. Ìdílé Àyàn ni ilé wọn. Àyàn ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ wọn, inú agbo ilé ni ọmọdé ti ń kọ́ ìlù kí ó tó mọ nǹkan mìíràn, wọ́n sì ti ń lù fún ọba àti fún eégún kí ẹnikẹ́ni tó gbé gìtá sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi ní Èkó. Onílù lè bá ọ̀gá mẹ́ta ṣiṣẹ́ láàárín ọdún 20, kí ó sì máa rò pé iṣẹ́ kan náà ni òun ń ṣe. Bàbá tí mo bá ní Aṣéjìrẹ́ ń sọ òtítọ́ nígbà tí ó ní tirẹ̀ kò ní òǹkà.

Ṣùgbọ́n ohun tí kò ní òǹkà kì í ṣòro láti pàdánù. Èyí ni ó ń kọ mí lóminú. Bí ọ̀gá bá kú, a óò rí àwòrán rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, àwo rẹ̀. Bí onílù bá kú, ọ̀nà tí ó ń gbà fi ìlù pe ọ̀rọ̀, àṣàyàn oríkì tí ó mọ̀ fún ìlú kọ̀ọ̀kan, ibi tí ó ti ń dákẹ́ kí olórin lè mú ọ̀rọ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni yóò bá a lọ, àfi bí ó bá ní ọmọ tí ó gbà á. Lónìí, ọmọ náà wà ní yunifásítì tàbí ní òkè òkun. Àwọn ẹ̀rọ tí ó ń ṣe ohùn ìlù fúnra wọn wà níbi gbogbo báyìí. Mo ti gbọ́ wọn. Wọ́n ń dún bí gángan, wọn kò sì sọ nǹkan kan. Iná mànàmáná tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún ìlù lè lé e jáde bí a bá fi ẹ̀rọ rọ́pò ẹni tí ó mọ èdè.

Kí n padà sí òru ọjọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ táyà lọ́wọ́, bàbá náà bi mí ní ìlú mi. Mo ní Àpòmù ni. Awọ ìlù rẹ̀ ti gbẹ dáadáa nígbà náà. Ó gbé e sí abíyá, ó mú kọ̀ǹgọ́, ó sì fi ìlù kí Àpòmù fún mi ní ẹ̀bá ọ̀nà, oríkì tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá bàbá mi nígbà tí mo wà ní kékeré, tí èmi olùkọ́ Yorùbá kò lè kà tán. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ń tòògbé jí. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́ja padà wá, ó ń jó. Lẹ́yìn náà awakọ̀ pè wọ́n, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n lọ sí ọ̀nà Ìbàdàn. Mo ka orúkọ ọ̀gá wọn lára bọ́ọ̀sì, mo ṣì rántí rẹ̀ di òní. N kò bèèrè orúkọ onílù náà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni ó kù tí mo ní sí yín. Púpọ̀ nínú yín ni ẹ ní àwo orin àtijọ́ ní ilé, ti jùjú, ti àpàlà, ti sákárà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ẹ̀yìn páálí wọn. Lórí òmíràn, orúkọ àwọn onílù wà níbẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké. Lórí ọ̀pọ̀, kò sí. Níbi tí orúkọ wà, ẹ dà á kọ, kí ẹ sì mú un wá sí ẹ̀ka wa. Níbi tí kò sí, tí ẹ sì mọ ẹni tí ó lu ìlù náà, tàbí tí ẹ mọ agbo ilé rẹ̀, yálà ní Ìkirè, ní Àpòmù, ní Gbọ̀ngán tàbí níbikíbi, ẹ sọ fún wa nígbà tí ẹni tí ó lè jẹ́rìí sí i ṣì wà láàyè. Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà fún èyí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa méjì yóò sì wà níbẹ̀ láti gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹ bá ti ń jáde.